Lílé lọ́yà nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìjàǹbá ọkọ̀ kò tíì parí

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí ọkọ̀ kan kọ lu tèmi láti ẹ̀yìn ní Southwest Freeway, tí ọrùn àti ẹ̀yìn mi sì fara pa. Alàgbà kan ní ìjọ wa ló mú mi lọ bá lọ́yà kan. Mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta bí ọ̀rọ̀ bá parí láìdé kóòtù, àti ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá pe ẹjọ́. Láti ìgbà náà n kò rí i sójú mọ́. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń dá mi lóhùn, ohun kan náà ló sì máa ń sọ: “A ṣì ń dúró de ìnṣọ́ránsì.” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí pé ìnṣọ́ránsì ẹni tó kọ lù mí fẹ́ san $11,000, wọ́n sì ní kí n wá fọwọ́ sí i. Gbèsè ilé ìwòsàn àti ti dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀yìn mi ju ìyẹn lọ. Ṣé mo lè gba ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ rẹ̀ kí n gbé e fún ẹlòmíràn? Ṣé owó ẹni méjì ni n ó wá san? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ.

———

Ẹ lè lé e. Kò sí ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí oníbàárà kò ti lè dá lọ́yà rẹ̀ dúró nígbàkígbà tí ó bá wù ú, yálà ó ní ìdí tàbí kò ní. Ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ owó ló le níbẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí pé òfin Texas lórí rẹ̀ kò bá ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mu.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ní ìlú yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì máa ń to fáìlì àwọn tí ọkọ̀ kọ lù: mo ń gba ìwé ìtọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn, mo ń ka gbèsè wọn pọ̀, mo sì ń gba fáìlì tí oníbàárà bá kó kúrò ní ọ́fíìsì mìíràn wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀ ni pé ìdí tí ènìyàn fi lé lọ́yà, àti bí ó ṣe lé e, ló ń pinnu iye tí yóò ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ní ìkẹyìn.

Ní ọdún 1969, nínú ẹjọ́ Mandell & Wright, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas sọ pé bí oníbàárà bá lé lọ́yà láìsí ìdí gúnmọ́, lọ́yà náà lè béèrè odidi ìdá tí ó wà nínú ìwé àdéhùn nígbà tí owó bá jáde, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ló parí iṣẹ́ náà. Bí ìdí gúnmọ́ bá wà, iye iṣẹ́ tí ó ti ṣe kí a tó lé e ni ó lè béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ ló pa ọ̀rọ̀ náà tì láìnídìí, kò ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan kan. Ẹ wo bí ó ṣe yàtọ̀ sí ti ibòmíràn: ní California, láti ọdún 1972, yálà ìdí wà tàbí kò sí, iye iṣẹ́ tí ó ti ṣe ni, ìyẹn náà sì di ìgbà tí owó bá tó jáde. Ní New York, lọ́yà tí wọ́n lé nítorí ìwà àìtọ́ kì í gba kọ́bọ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan tó ń gbé ní New York bá sọ fún yín pé kò sí ewu níbẹ̀, kò purọ́, àmọ́ òfin ibi tí ó ń gbé ló ń sọ.

Kí ẹ lè rí i kedere, ẹ jẹ́ ká sọ pé owó tó jáde ní ìkẹyìn jẹ́ $30,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni $10,000. Bí lọ́yà kejì bá pe ẹjọ́, tí ó sì gba ìdá 40 tirẹ̀, $12,000 nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá gba tiwọn pé, $8,000 ló kù fún ẹni tí ọrùn ń dùn, ilé ìwòsàn kò sì tíì na ọwọ́ tirẹ̀. Kì í sábà burú tó báyẹn, nítorí pé àwọn lọ́yà méjèèjì sábà máa ń pín owó ẹnì kan ṣoṣo láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ má ṣe dúró kí ó di ìgbà tí owó bá dé kí ẹ tó béèrè.

———

Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ yín kọ. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí arábìnrin yìí lé e lónìí olónìí, pé lọ́yà tí kò gbé fóònù kì í ṣe lọ́yà. Mo mọ bí inú ṣe máa ń bí ènìyàn, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à ń ríran.

Àkọ́kọ́ ni pé pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ pẹ́ nìkan kò fi hàn pé lọ́yà kò ṣiṣẹ́. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè owó títí dókítà yóò fi sọ pé ara oníbàárà ti dé ibi tí yóò dé, nítorí pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé ìparí ọ̀rọ̀ kò lè padà wá sọ pé iṣẹ́ abẹ tún ti délẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ìtọ́jú ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tuntun. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ yìí ni pé wọ́n gbé iye kan wá, wọ́n ní kí obìnrin yìí fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í láti ṣàlàyé ìdí tí iye náà fi tó. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò sọ pé oníbàárà ló ni ìpinnu lórí gbígbà tàbí kíkọ owó tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, lọ́yà sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé tó kí ó fi lè pinnu. Akọ̀wé tó ń pe ènìyàn wá fọwọ́ sí ìwé kò lè rọ́pò àlàyé yẹn.

Nítorí náà, kí a tó lé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìwé sí i, kí ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ láago, kí ẹ sì béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Èló ni ìnṣọ́ránsì ẹni tó kọ lù yín lè san jù? Iye tó kéré jù tí òfin Texas fi dandan lé ni $30,000 fún ẹni kan tó fara pa, $60,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá kan, àti $25,000 fún ohun ìní. Bí awakọ̀ náà bá ra èyí tó kéré jù, tí kò sì ní ohun ìní kankan, lọ́yà tó dára jù ní Houston kò lè fa $100,000 yọ lára ìnṣọ́ránsì yẹn, a ó sì máa lé lọ́yà nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ti wo ìwé ìnṣọ́ránsì tiyín fúnra yín. Ibí yìí ni mo ti ń rí àìbìkítà jù lọ nínú fáìlì tó ń ti ọ́fíìsì mìíràn wá. Ní Texas, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ fi ààbò lọ oníbàárà tó ń ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀: èyí tó ń san owó nígbà tí ẹni tó kọ lù yín kò ní ìnṣọ́ránsì tàbí tí tirẹ̀ kò tó, àti èyí tí wọ́n ń pè ní PIP, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti $2,500 fún ìtọ́jú láìka ẹni tó jẹ̀bi sí. Bí ẹ kò bá kọ̀ wọ́n nínú ìwé, ẹ ní wọn. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún lórí owó kékeré tí ìnṣọ́ránsì ẹlòmíràn san, nígbà tí owó tirẹ̀ wà nínú ìwé tirẹ̀ láìsí ẹni tó ṣí i.

Ìkẹta, ṣé ó ti kọ lẹ́tà ìbéèrè owó, kí ni ọjọ́ tí ó kọ ọ́, èló ló béèrè? Láti ọdún 1929 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Stowers ti wà ní Texas. Bí lọ́yà bá béèrè iye tí kò ju òpin ìnṣọ́ránsì náà lọ (ìyẹn iye tó lè san jù), tí ó fún wọn ní gbèdéke tó bójú mu, tí ẹ̀rí sì dúró, tí ilé-iṣẹ́ náà wá fi àìbìkítà kọ̀, òun ni yóò ru ẹrù iye tí ìdájọ́ bá fi ju òpin yẹn lọ. Lẹ́tà yẹn ló ń mú kí ìnṣọ́ránsì gbọ́ràn. Bí oṣù mẹ́rìnlá bá kọjá tí ìtọ́jú sì ti parí láìsí lẹ́tà kankan, mo wà lẹ́yìn yín pátápátá: ẹ wá ẹlòmíràn.

———

Sí ẹni tó kọ ọ́ pé: “Lé e, kí o gba $11,000 náà fúnra rẹ, kí o má san owó lọ́yà rárá.”

Ẹ jọ̀ọ́, kí arábìnrin wa má ṣe é. Iye náà jáde nígbà tí lọ́yà wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ìnṣọ́ránsì sì mọ̀ ọ́n. Kò sí adájọ́ ní Texas tí yóò gbọ́ pé ènìyàn lé lọ́yà ní ọjọ́ kejì tí owó dé kí ó má baà san án, kí ó pe ìyẹn ní ìdí gúnmọ́. Odidi ìdá rẹ̀ ni yóò béèrè, yóò sì rí i gbà. Ìwà náà kò sì dára. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wa, kódà bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ̀tọ́ ni kí a san iye tí iṣẹ́ náà tó.

———

Ẹnì kan béèrè ohun tó jọ èyí ṣùgbọ́n tó yàtọ̀ gan-an. Ó ní ní ọjọ́ kejì tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ni ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wá bá òun lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí ó gbé ìwé àdéhùn lọ́yà kan jáde, tí òun sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú egbòogi ìrora lójú. Ó fẹ́ mọ bóyá òun lè jáde.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Òfin ìwà ọ̀daràn Texas ka á léèwọ̀ kí lọ́yà tàbí aṣojú rẹ̀ lọ bá ẹni tó fara pa lójúkojú tàbí lórí fóònù láti wá iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kódà lẹ́tà lásán kò gbọ́dọ̀ lọ kí ọjọ́ 31 tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá. Àdéhùn tí wọ́n bá gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí kóòtù fagi lé e, kí ó gba owó tí ó ti san padà, òfin sì fi $10,000 ìtanràn kún un fún oníbàárà náà. Nítorí náà ẹ má ṣe fi lẹ́tà ìdádúró (ìyẹn lẹ́tà tí a fi ń lé lọ́yà) lásán parí ọ̀rọ̀ yín; ọ̀rọ̀ yín kò rí bí ti arábìnrin tó bi wá ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ kọ orúkọ ọkùnrin náà, ọjọ́ àti wákàtí tó wá, nọ́mbà fóònù tó fi pè yín, kí ẹ sì gbé e lọ bá lọ́yà mìíràn kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún ti àkọ́kọ́.

———

Ọ̀rọ̀ alàgbà ńkọ́? Ẹni mẹ́ta ló ti kọ ọ́ pé kò yẹ kí ènìyàn já ọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ lọ́yà tí àgbà mú un mọ̀, pé ẹ̀gàn ni fún àgbà náà. Èmi bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì mọ̀ pé nínú ìjọ wa àti nínú ẹgbẹ́ ìlú wa ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí lọ́yà. Ṣùgbọ́n alàgbà kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn alàgbà ló ń dùn ún ní òru. Ẹ lọ kí i, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìtẹríba pé ohun báyìí ni ẹ fẹ́ ṣe, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí alàgbà bá sì lè pe lọ́yà náà kí ó dáhùn lẹ́tà yín, ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn, n kò kọ̀ ọ́.

———

Ní báyìí, bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é ní ọ̀nà tí owó kò fi ní ṣòfò.

Ẹ wá lọ́yà kejì kí ẹ tó lé ti àkọ́kọ́. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ní lọ́yà má béèrè èrò lọ́yà mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba owó fún ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún un pé ẹnì kan wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti ní ẹ̀tọ́ sí owó inú rẹ̀, pàápàá bí òpin ìnṣọ́ránsì bá kéré. Ó sàn kí ẹ gbọ́ “rárá” nígbà tí ẹ ṣì ní ẹnì kan. Bí ó bá gbà, ẹ bi í léèrè: “Ṣé owó lọ́yà kan ṣoṣo ni n ó san lápapọ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì yóò pín in?” Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ní Texas, àdéhùn tí lọ́yà yóò fi gba ìdá nínú owó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò wúlò níbẹ̀.

Lẹ́tà ìdádúró kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yín ti parí, ẹ sọ ìdí rẹ̀ ní kúkúrú àti ní òtítọ́, irú bí àwọn ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé tí kò dáhùn, kí ẹ sì béèrè fáìlì yín àti àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí ó ti ná. Ẹ má bú u. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ìdí náà sílẹ̀ ni òfin 1969 tí mo sọ ní òkè: bí ìjà owó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, lẹ́tà yìí ni ẹ̀rí yín pé ẹ kò ṣàdédé lé e. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò fi fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ó gbà á.

Fáìlì náà ṣe pàtàkì ju lẹ́tà lọ. Ọ̀rọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ lọ́yà láìgba fáìlì dà bí aṣọ tí a gbà lọ́wọ́ télọ̀ láìgba èyí tí ó ti gé. Ìwé ọlọ́pàá, àwòrán ọkọ̀, ìwé ìtọ́jú, lẹ́tà tí òun àti ìnṣọ́ránsì kọ sí ara wọn, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín lọ, nítorí pé òfin ìwà wọn fi dandan lé e pé kí lọ́yà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí kó ìwé tó jẹ́ ti oníbàárà fún un, kí ó má sì ṣe ohun tí yóò pa á lára.

Àwọn dókítà yín ńkọ́? Bí lọ́yà àkọ́kọ́ bá kọ ìwé ìlérí fún dókítà pé owó rẹ̀ yóò ti inú ohun tó bá jáde wá, lílé lọ́yà kò pa gbèsè náà rẹ́. Ilé ìwòsàn tó gbà yín wọlé láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìjàǹbá náà lè ní ẹ̀tọ́ tí òfin Texas so mọ́ owó yín tààrà. Kí lọ́yà tuntun kọ̀wé sí gbogbo wọn.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé ọjọ́. Ní Texas, ọdún 2 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ láti ọjọ́ ìjàǹbá, yíyí lọ́yà padà kò sì dá a dúró fún wákàtí kan. Oṣù mẹ́wàá ló kù fún arábìnrin yìí. Ó tó, ṣùgbọ́n bí ó bá ku oṣù méjì, ọ̀pọ̀ lọ́yà kò ní fọwọ́ kàn án. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti ibòmíràn: ọdún 2 ni ní Georgia àti California, ọdún 3 ni ní Maryland àti New York, ní Florida, ọdún 4 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di 2 ní oṣù kẹta ọdún 2023. Bí ọkọ̀ tó kọ lù yín bá jẹ́ ti ìjọba, àkókò láti kọ́kọ́ fi tó wọn létí kúrú ju èyí lọ gan-an: oṣù 6 ni ní Texas, àwọn ìlú kan sì dín in kù sí i.

Ní àárín ìgbà tí ẹ kò ní lọ́yà, òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè pè yín tààrà, yóò sì sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ẹ má ṣe gbà kí ó gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí ohunkóhun.

———

Ẹnì kan sọ pé ìwé àdéhùn tirẹ̀ ní bí òun bá lé lọ́yà, òun yóò san ìdá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí owó tó jáde rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní ọdún 2006, nínú ẹjọ́ Hoover Slovacek, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀rí ọkàn mu, kò sì lè múlẹ̀. Ìdá tó wà nínú owó di ìgbà tí owó bá wà.

———

Arábìnrin tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun kọ lẹ́tà bí mo ti wí, ọ́fíìsì náà sì dáhùn: wọ́n ti kọ lẹ́tà ìbéèrè owó ní oṣù tó kọjá, òpin ìnṣọ́ránsì awakọ̀ náà jẹ́ $30,000, ṣùgbọ́n wọn kò tíì wo ìwé ìnṣọ́ránsì tòun rárá. Ó ní kí ni kí òun ṣe.

Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní lé e lónìí. Iṣẹ́ tó pọ̀ ti wà nílẹ̀, ìdí yín fún lílé e kò sì lágbára bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ti dáhùn. Ẹ kọ̀wé padà pé ẹ kò gba $11,000, pé kí ó pè yín fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá kí ó ṣàlàyé bí yóò ṣe béèrè ìyókù, kí ó sì ṣí ìwé ìnṣọ́ránsì tiyín. Bí kò bá pè, ẹ kàn sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Texas tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́ láti bá lọ́yà wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í gba owó. Bí ìyẹn náà kò bá mú un sọ̀rọ̀, ìdí gúnmọ́ yín ti pé nínú ìwé, ẹ lè lọ.

Ní ti ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, pé bí ẹ bá lọ, ta ni yóò gba ìwé sọ̀wédowó: ìnṣọ́ránsì yóò kọ orúkọ yín, ti lọ́yà tuntun, àti ti àkọ́kọ́ náà sí orí rẹ̀ bí ó bá ti fi tó wọn létí pé òun ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù. Inú àkáǹtì tí lọ́yà yà sọ́tọ̀ fún owó oníbàárà ni yóò wọ̀. Iye tí ìjà wà lórí rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ó dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Ìyókù tó jẹ́ tiyín, tí kò sí ẹni tó ń bá yín du ú, kí wọ́n san án fún yín láìjáfara, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé tó to gbogbo àyọkúrò sílẹ̀. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.